Tẹmómítà aláṣọ tútù àti gíga ìkùukùu

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Olùkọ́ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ní agogo kan ọ̀sán, èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wo tẹmómítà méjì tó wà lọ́gbà ilé-ìwé wa: èyí tó gbẹ wà ní dígírì 29, èyí tí a fi aṣọ tútù wé nídìí sì wà ní 24. Láti mọ bí ìsàlẹ̀ ìkùukùu ti ga tó, a yọ 24 kúrò nínú 29, a fi 125 sọ ọ́ di púpọ̀, a rí mítà 625. Ṣùgbọ́n ìkùukùu tí a ń wò lókè Olósùnta, àpáta ńlá ìlú wa, jọ èyí tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbo ni a ti ṣìnà?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, olùkọ́. Ìṣirò yín kò lábùkù, 24 tí ẹ fi sínú rẹ̀ ni kò yẹ níbẹ̀. Ohun tí ìṣirò yìí ń béèrè ni ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ tutù dé kí ìrì tó sẹ̀ (ìwọ̀n ìrì), tẹmómítà aláṣọ tútù kì í sì í fi èyí hàn ní tààrà. Bí ẹ bá wo 29 àti 24 nínú àtẹ tó máa ń bá irú tẹmómítà bẹ́ẹ̀ rìn, ẹ ó rí i pé nǹkan bíi 22 ni ìrì yóò ti sẹ̀. Ẹ yọ 22 kúrò nínú 29, ó ku 7. Ìlọ́po 125 rẹ̀ jẹ́ mítà 875. Mítà 250 ni aṣọ tútù yẹn gbà mọ́ yín lọ́wọ́, ojú yín ló jàre.

Afẹ́fẹ́ tí oòrùn mú gbóná nílẹ̀ a máa gòkè, bó sì ti ń gòkè ló ń fẹ̀, tó ń tutù ní nǹkan bíi dígírì 10 nínú mítà 1,000. Ìwọ̀n ìrì rẹ̀ náà ń lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ju nǹkan bíi dígírì 2 lọ. Nítorí náà, dígírì 8 ni àlàfo àárín wọn fi ń dín kù nínú mítà 1,000, tí ó já sí mítà 125 fún dígírì kan. Ibi tí àlàfo náà bá ti tán ni ọ̀rinrin ti ń di ẹ̀kán omi wínníwínní. Ìdí nìyí tí ìsàlẹ̀ ìkùukùu ọ̀sán fi ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e, bí orí rẹ̀ tilẹ̀ rí ràgàjì bí òwú.

Ẹ rántí pé láti ilẹ̀ ọgbà yín ni a ti ka 875 yìí, kì í ṣe láti etí òkun. Ẹ má sì ṣe lò ó fún kùrukùru tó ń bo orí Olósùnta láàárọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò tíì gbéra láti ilẹ̀ yín. Nígbà ọyẹ́ ńkọ́? Bí afẹ́fẹ́ bá wà ní 34 tí ìwọ̀n ìrì sì wà ní 10, ìṣirò yóò fún yín ní mítà 3,000, síbẹ̀ ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run: ibi tí ìkùukùu yóò ti bẹ̀rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ilẹ̀ bá lè gòkè débẹ̀ nìkan ni nọ́ńbà náà ń sọ.