Èsì: Firewall ń kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ ìkìlọ̀ kò dé ímeèlì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú wàhálà. Ẹ ní firewall ṣọ́ọ̀bù yín ní Àjàṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì yín, ń kọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ ìkìlọ̀ kankan kò wọ ímeèlì yín. Pọ́ọ̀tì 25, ìyẹn ojú ọ̀nà tí ímeèlì rẹ̀ ń gbà jáde, ni mo fura sí. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló ń dí i. Ẹ yí i sí 587, kí ẹ tan TLS, ohun tó ń bo ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà kí ẹlòmíràn má lè kà á.

Bó bá jẹ́ Gmail ni, ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ fi ń wọlé kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tan ìjẹ́rìísí onípele méjì, kí ẹ wá ṣe app password, ìyẹn ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀tọ̀, fún firewall náà.

Lẹ́yìn náà:
1. Ẹ fi aago firewall sí Africa/Porto-Novo, kí ẹ so ó mọ́ NTP, ohun tó ń tún aago ṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.
2. Ìpele ìkìlọ̀ nínú syslog, ìyẹn ìlànà tí firewall fi ń kọ nǹkan sílẹ̀, lọ láti 0 dé 7. 0 ló le jù. Ẹ gba 0 sí 3 ní ímeèlì, kí ìyókù lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn ní UDP 514, pọ́ọ̀tì tí syslog ń gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ìkìlọ̀ bò mọ́lẹ̀ kì í kà á mọ́, ọjọ́ náà sì ni olè ń wọlé.

Àmọ́ ìgbà tí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì bá wà nìkan ni èyí wúlò. Bí iná bá lọ, firewall kò lè ké sí yín. Ẹ ní ẹ ní ọ́fíìsì ní Kétu: ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ máa ping firewall náà (kí ó máa pè é wò bóyá yóò dáhùn) ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí ó kìlọ̀ fún yín bí kò bá dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta.