Kí ló dé tí ṣíbí onígi mi ń là?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Igi gúróbà tútù ni mo fi ń gbẹ́ ṣíbí, àáké àti ọ̀bẹ nìkan ni mo ń lò, ṣùgbọ́n tílẹ̀ bá fi máa mọ́ báyìí, ó ti là. Ṣé kí n kọ́kọ́ sá igi náà gbẹ ni? Òǹkàwé kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Àbúrò, má sá nǹkan kan jàre. Igi tútù ló rọ̀ ọ́ gbẹ́, àwọn agbẹ́gilére wa gan-an, igi ìrè tútù ni wọ́n ń lò. Ọkàn igi yẹn ni mo fura sí, àmì róbótó tó wà láàárín ìtì: la ìtì náà sí méjì gba ibẹ̀ kọjá, kó o wá gé ọkàn ọ̀hún dànù pátápátá, torí ara igi máa ń súnkì yí i ká tó bá ń gbẹ, ìyẹn ló ń fà á ya. Tó o bá gbẹ́ ẹ tán, má gbé e síwájú fáànù o! Fi ṣíbí náà sínú nylon pẹ̀lú èérún igi ẹ̀ kó lè rọra gbẹ, máa ṣí i wò kó má bàa bu. Ó dìgbà tó bá gbẹ kó o tó dán an, lẹ́yìn náà ló kan kó o fi òróró pa á.