Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Awakọ̀ Bàálù Kékeré Nínú Ìkùukùu

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn lẹ́tà tí a mú jáde lóṣù yìí dá lé: bí ẹni tí ó ní ìwé-àṣẹ láti máa fi bàálù kékeré rìn fún ara rẹ̀ yóò ṣe wakọ̀ nígbà tí kò bá rí ilẹ̀ tàbí ojú ọ̀run mọ́, tí ó wá ku àwọn mítà iwájú rẹ̀, ìyẹn àwọn ojú-ẹ̀rọ tí ń fi eré, gíga àti ìdúró bàálù hàn, nìkan fún un láti wò. A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì ti yọ orúkọ àwọn tí ó kọ wọ́n.

Láti Houston, Amẹ́ríkà: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti gba ìwé-àṣẹ awakọ̀ àdáni, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì sì jọ ra Cessna 172 kan. Olùkọ́ mi ní kí n tún lọ kọ́ bí a ṣe ń fi mítà nìkan wakọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, bàálù wa sì ní GPS tí ń tọ́ka ibi tí a wà àti autopilot, ẹ̀rọ tí ń wa bàálù fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá dára nìkan ni mo máa ń fò. Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ìwé-àṣẹ yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi láìfi bò: ẹ lọ kọ́ ọ, kódà bí kò bá sí lọ́kàn yín láti wọ inú ìkùukùu rárá. Ojú ọjọ́ tí ó mọ́ nígbà tí ẹ gbéra lè ti yí padà kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ń lọ, pàápàá ní agbègbè etí òkun bíi tiyín, níbi tí kùrukùru ti máa ń ti ojú omi wọ ìlú. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ da awakọ̀ kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, ara òun fúnra rẹ̀ ni.

Nínú etí wa lọ́hùn-ún, àwọn ọ̀nà róbótó mẹ́ta wà tí omi kún inú wọn. Bí orí bá yí, omi náà yóò mì, òun ni a sì fi ń mọ̀ pé à ń yí. Ṣùgbọ́n bí bàálù bá rọra ń yí lọ láìdáwọ́ dúró, láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú-àáyá, omi náà yóò ti bá ìyípo náà dọ́gba, etí yóò sì máa sọ fún awakọ̀ pé ọ̀nà tààrà ni òun ń tọ̀. Bí awakọ̀ bá wá tún bàálù ṣe kí ó dúró déédéé, etí kan náà yóò sọ fún un pé ó ti ń dà sí apá kejì, òun náà yóò sì dá a padà sínú àṣìṣe. Bí ojú bá rí ibi tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀, ojú yóò tètè bá etí wí. Nínú ìkùukùu, ojú kò rí nǹkan kan. Bàálù yóò máa dà sí ẹ̀gbẹ́, imú rẹ̀ yóò máa lọ sílẹ̀, eré rẹ̀ yóò sì máa pọ̀ sí i. Awakọ̀ tí ó rí i pé òun ń já wálẹ̀ yóò fa ọwọ́ ìdarí mọ́ra kí ó lè gòkè, fífà náà ni yóò sì túbọ̀ mú ìyípo náà le.

Ní ọdún 1954, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Illinois gbé awakọ̀ 20 tí kò mọ fífi mítà wakọ̀ lọ sókè, wọ́n sì ṣe é tí wọn kò fi lè rí ìta. Gbogbo wọn pátá ni bàálù bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí tirẹ̀ yá jù lo 20 ìṣẹ́jú-àáyá, ẹni tí ó pẹ́ jù lo 480. Bí a bá pín in dọ́gba, ó jẹ́ 178, ìyẹn ni pé kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Iye yìí ni àwọn ènìyàn máa ń sọ, wọ́n sì máa ń fo ìyókù ìtàn náà, bẹ́ẹ̀ ìyókù náà ló fún mi nírètí: lẹ́yìn tí a kọ́ àwọn awakọ̀ wọ̀nyí ní ọ̀nà ìrọ̀rùn tí wọ́n fi lè yí padà síbi tí wọ́n ti wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ṣe é ní àṣeyọrí. Ohun tí a lè kọ́ ni. Láti ọjọ́ 24 oṣù September, ọdún 1929, ni Jimmy Doolittle ti fi mítà nìkan gbéra, tí ó fò, tí ó sì balẹ̀ ní Mitchel Field ní ìpínlẹ̀ New York, tí wọ́n fi ìbòrí bò ó níbi tí ó jókòó sí.

Ní ti autopilot tí ẹ gbójú lé, ẹ rántí ikú John F. Kennedy kékeré, ọmọ ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù July, ọdún 1999, ó ń fi Piper Saratoga rẹ̀ gbé ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ lọ sí Martha's Vineyard. Ojú ọjọ́ ṣú díẹ̀ lórí òkun, ṣùgbọ́n òfin kò sọ pé kí ó má fò. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ fífi mítà wakọ̀, kò tíì parí rẹ̀. Bàálù náà ní autopilot. Síbẹ̀, àjọ NTSB tí ó wádìí ìjàǹbá náà kò rí àléébù kankan nínú ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kò mọ bí bàálù òun ti dúró sí mọ́, tí ó fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwa ọmọ Nàìjíríà náà kò tíì gbàgbé hẹlikọ́pítà tí ó já ní aginjù Mojave ní ìpínlẹ̀ California lálẹ́ ọjọ́ 9 oṣù February, ọdún 2024, tí ó gbé Herbert Wigwe, ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti Abímbọ́lá Ògúnbánjọ. Awakọ̀ tí ó fi wíwakọ̀ ṣe iṣẹ́ ni ó wà á, síbẹ̀ NTSB sọ pé ṣe ni ó ń fi ojú wakọ̀ lọ títí tí ó fi wọ inú ojú ọjọ́ tí ojú kò lè ríran nínú rẹ̀.

GPS yóò sọ ibi tí ẹ wà fún yín, kò ní í sọ bóyá apá bàálù yín dúró déédéé. Autopilot jẹ́ olùrànlọ́wọ́ gidi, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n lò dáadáa, ṣùgbọ́n ó lè já kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìròtẹ́lẹ̀, àti pé ẹni tí ẹ̀rù ti mú lè má rántí bọ́tìnì rẹ̀ rárá. Wákàtí mẹ́ta péré ni òfin ní kí ẹ fi ṣe irú ẹ̀kọ́ yìí kí ẹ tó gba ìwé-àṣẹ àkọ́kọ́. Fún ìwé-àṣẹ kejì, ti fífi mítà nìkan wakọ̀, àjọ FAA tí ń ṣàkóso ìrìnnà òfurufú ní Amẹ́ríkà ń béèrè 40 wákàtí fífi mítà wakọ̀, tí 15 nínú rẹ̀ ó kéré tán gbọ́dọ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ tí ó ní àṣẹ fún un, àti 50 wákàtí ìrìn-àjò láti ìlú dé ìlú tí ẹ̀yin fúnra yín jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀. Ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ jọ ni bàálù kan lè máa bá ara yín jókòó ní ipò ẹni tí ń wo ìta nígbà tí ẹnì kan bá dé awò ìdíjú láti fi ṣe ìdánrawò. Èyí yóò dín owó kù, àwọn wákàtí náà yóò sì wọ inú ìwé yín.

Láti Ìbàdàn: Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ bàálù ní Ìlọrin. Ó ní wọ́n máa ń dá wọn dúró sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ nígbà ọyẹ́, bẹ́ẹ̀ òun ń wo òkè, kò sì rí ìkùukùu kankan. Ṣé wọn kò fi àkókò àti owó wa ṣòfò?

Ìdáhùn: Wọn kò fi ṣòfò, mà. Eruku ọyẹ́ tí ń ti aginjù Sàhárà wá léwu ju ìkùukùu lọ ní ọ̀nà kan: kò ní ààlà tí a lè rí. Awakọ̀ tí ó rí ìkùukùu níwájú mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lè yà fún un, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ ń ki díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí ènìyàn fura. Bí ọmọ yín bá wo ìsàlẹ̀ gan-an, yóò rí òrùlé ilé àti títì; bí ó bá wo iwájú, funfun kan náà ni ọ̀run àti ilẹ̀ yóò jẹ́. Ilẹ̀ tí ó ń rí lábẹ́ ẹsẹ̀ yẹn ni yóò tàn án jẹ pé òun ṣì ń ríran. Olùkọ́ tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró sílẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ọ ní iṣẹ́.

Láti Atlanta, Amẹ́ríkà: Mo ní eré ìwakọ̀ bàálù lórí kọ̀ǹpútà mi nílé. Ṣé àwọn wákàtí tí mo ń lò nídìí rẹ̀ lè wọ inú ìwé mi?

Ìdáhùn: Rárá. Ẹ̀rọ ìdánrawò tí FAA bá ti fọwọ́ sí nìkan ni a ń kà, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé olùkọ́ tí ó ní àṣẹ wà níbẹ̀. Irú èyí tí ó ga nínú wọn lè gba 20 nínú 40 wákàtí yẹn, èyí tí ó kéré ń gba 10. Ti ilé dára fún mímọ ètò ìbalẹ̀ àti fún kíkọ́ ojú láti máa lọ láti orí mítà kan sí òmíràn. Àga yín kì í mì, nítorí náà kò lè kọ́ yín ní bí a ṣe ń kọ etí dí sí irọ́ tí ara ń pa.

Láti Maryland, Amẹ́ríkà: Ó lé ní ọdún mẹ́rin tí mo ti gba ìwé-àṣẹ fífi mítà wakọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ju ọdún kan lọ tí mo ti fi ṣe nǹkan kan. Bàálù mi ti pẹ́, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ló ń gbé méjì nínú àwọn mítà rẹ̀ ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ fi gbé ìyàwó àti àwọn ọmọ mi lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò mi ní Chicago lóṣù December. Ṣé ìwé-àṣẹ mi ṣì dúró?

Ìdáhùn: Ìwé náà kì í kú, sà, àṣẹ láti lò ó ló ń kú. Òfin ní láàárín oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, kí awakọ̀ ti fi mítà sọ̀ kalẹ̀ sọ́nà pápákọ̀ ní ìgbà mẹ́fà, kí ó ti ṣe ìyípo ìdúródè lójú òfurufú, kí ó sì ti fi mítà tọ ipa ọ̀nà. Bí àkókò yẹn bá kọjá, ó ṣì ní oṣù mẹ́fà mìíràn tí ó lè fi ṣe é pẹ̀lú awakọ̀ mìíràn tí yóò máa wo ìta fún un. Ẹ̀yin ti kọjá ìyẹn náà. Ẹ gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ tàbí olùdánwò tí yóò yẹ ìmọ̀ yín wò látòkè délẹ̀.

Pọ́ǹpù yẹn ló kàn mí jù. Òun ló ń yí àwọn òòyì, ìyẹn àgbá kékeré tí ń yí kíkankíkan, inú mítà tí ń fi ìdúró bàálù hàn àti ti mítà tí ń fi ìdojúkọ hàn. Bí ó bá bàjẹ́, wọn kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà: ṣe ni àwọn òòyì náà yóò máa rọ, mítà ìdúró yóò rọra máa dà sí ẹ̀gbẹ́, awakọ̀ tí ó tẹjú mọ́ òun nìkan yóò sì máa bá a dà lọ. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ojú pẹ́ lórí mítà kankan. Iná mànàmáná ló máa ń gbé mítà ìyípo ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀ irú bàálù yín. Òun, mítà eré àti mítà gíga ni yóò kù fún yín, wọ́n sì tó láti fi sọ̀ kalẹ̀ bí ọwọ́ bá ti mọ́ ọn. Ẹ bẹ olùkọ́ kí ó fi nǹkan bo méjì yẹn lójijì, nígbà tí ẹ kò retí rẹ̀. Bí agbára bá sì wà, ẹ pààrọ̀ wọn sí irú tuntun tí ó ní bátìrì tirẹ̀.

Òfin yóò gbà yín láyè láti sọ̀ kalẹ̀ títí dé 200 ẹsẹ̀ bàtà sí ilẹ̀ ní àwọn pápákọ̀ kan kí ẹ tó rí ojú ọ̀nà, kódà kò ní kí awakọ̀ àdáni má gbéra nínú kùrukùru tí kò ti rí imú bàálù rẹ̀. Ẹ má ṣe fi òfin ṣe òdiwọ̀n ara yín lọ́dún yìí. Ẹ fi 1,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ọkàn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìyàwó yín sì mọ̀ ọ́n, kí ó lè bá yín sọ̀rọ̀ bí ó bá rí i pé ẹ fẹ́ rékọjá rẹ̀.

Oṣù December wá tún mú yìnyín dání. Bí ìkùukùu bá tutù tó bẹ́ẹ̀, yìnyín yóò lẹ̀ mọ́ apá bàálù, kò sì sí ohun tí bàálù kékeré yín fi lè yọ ọ́. Ooru ojú ihò tí ń wọn eré nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ní. Bẹ́ẹ̀ gbogbo wa mọ bí òde mọ̀lẹ́bí ṣe ń le ènìyàn léré: aṣọ ẹbí ti wà nílẹ̀, ìyá yín ti ń pè láti àárọ̀. Nítorí náà, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ńlá tí ẹ lè gba owó rẹ̀ padà nísinsìnyí, kí ẹ sì sọ fún ẹbí pé Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó náà ni ẹ ó yàn èyí tí ẹ ó bá wá. Láàárín báyìí sí ìgbà náà, ẹ parí àyẹ̀wò yín, kí ẹ sì wọ inú ìkùukùu gidi pẹ̀lú olùkọ́ ní ẹ̀gbẹ́ yín kí ẹ tó gbé ọmọ kankan sí ẹ̀yìn.