Káàdì Platinum ní òtẹ́ẹ̀lì oníkàsínò Las Vegas: kí lẹni tí kì í ta tẹ́tẹ́ lè rí gbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi máa pé àádọ́ta ọdún ní oṣù kọkànlá, Las Vegas ló sì ní ká ti wá bá òun ṣe é. Ọjọ́bọ̀ la máa dé, a ó sì padà sí Houston lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó ní kàsínò nísàlẹ̀ ni gbogbo ẹbí fẹ́ wọ̀. Èmi àti ìyàwó mi kì í ta tẹ́tẹ́. Mo ní káàdì American Express Platinum, 895 dọ́là ni mò ń san lé e lórí lọ́dọọdún, àmọ́ mi ò tíì fi ṣe nǹkan kan ju kí n máa fi wọ yàrá ìsinmi ní pápákọ̀ òfurufú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ nìkan ni wọ́n ń tọ́jú nírú òtẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Òmíràn ní kí n máa fi káàdì náà gbowó ní kàsínò kí póìǹtì, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ń fi káàdì náwó, lè wọlé dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ọjọ́ìbí o, ẹ bá mi kí olọ́jọ́ìbí. Ẹ má gbọ́ ti ìkankan nínú àwọn méjèèjì. Ìmọ̀ràn ẹnì kejì yẹn lè kó yín sí gbèsè, torí náà òun ni màá kọ́kọ́ mú.

Tẹ́ ẹ bá fi káàdì àwìn gbowó ní kàsínò, wọn ò ní kà á sí ọjà tẹ́ ẹ rà. Owó tẹ́ ẹ yá ni wọ́n máa kà á sí, ọ̀tọ̀ sì ni òfin owó yíyá. Lórí ọ̀pọ̀ káàdì ní Amẹ́ríkà, wọ́n á yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá gba 500 dọ́là, 25 dọ́là ti lọ kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó ka owó fún yín. Ọjọ́ yẹn gan-an ni èlé máa bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí rẹ̀, kò sí pé ẹ̀ ń dúró de òpin oṣù kẹ́ ẹ tó san án bíi ti ọjà. Ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi gbowó á tún yọ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìnáwó yìí, ẹyọ póìǹtì kan kò ní wọlé, torí ó wà nínú àdéhùn American Express pé owó yíyá àti ohunkóhun tó bá dúró bí owó kì í mú póìǹtì wá. Ẹ má jẹ́ kí káàdì yín kan kàsínò rárá. Tó bá wu ẹnikẹ́ni nínú ẹbí láti ta díẹ̀ nítorí ayẹyẹ, owó tó mú dání láti ilé ni kó fi ta á.

Ọ̀rẹ́ yín àkọ́kọ́ kò kúkú parọ́, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ń sọ. Nígbà kan, tẹ́tẹ́ ló ń gbọ́ bùkátà Las Vegas, yàrá àti oúnjẹ ni wọ́n sì fi ń fa àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ wọlé. Ó ti lé lógún ọdún báyìí tí owó yàrá, oúnjẹ, ọtí àti eré orí ìtàgé lápapọ̀ ti ju owó tẹ́tẹ́ lọ ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó wà ní Strip, òpópónà tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì oníkàsínò tò sí. Ẹni tó ń sanwó yàrá tó sì ń jẹun níbẹ̀, oníbàárà pàtàkì ni. Òótọ́ ni pé kàsínò ṣì máa ń fún àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ ní yàrá ọ̀fẹ́, àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ẹ mú roulette, tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù kékeré sórí kẹ̀kẹ́ tó ń yí: kẹ̀kẹ́ ti Amẹ́ríkà ní ihò 38. Nínú gbogbo 100 dọ́là téèyàn bá fi ta á, kàsínò ń retí pé dọ́là márùn-ún àti sẹ́ǹtì 26 máa di tòun. Ká ní ẹnì kan ń fi 10 dọ́là ta nígbà ogójì ní wákàtí kan, tó sì jókòó fún wákàtí mẹ́rin. 1,600 dọ́là ló ti fi ta tẹ́tẹ́ yẹn, kàsínò á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan bí 84 dọ́là lẹni yìí máa pàdánù. Apá kan nínú 84 yẹn ni wọ́n máa dá padà fún un, tí wọ́n á pè é ní ẹ̀bùn. Ẹ̀yin ò nílò irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, torí pé ẹ ti san owó tiyín tẹ́lẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ san 895.

Ohun tẹ́ ẹ ti sanwó fún yẹn wà nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Fine Hotels + Resorts. Orí ìkànnì American Express fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń gba yàrá nínú ètò yìí. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì bíi Wynn, Encore àti The Venetian ti wà nínú rẹ̀ ní Las Vegas, àmọ́ wọ́n máa ń yọ àwọn kan, wọ́n sì máa ń fi àwọn mìíràn kún un, nítorí náà ẹ wo ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ gan-an kẹ́ ẹ tó sọ fún ẹbí pé ibi báyìí ni. Tẹ́ ẹ bá gba yàrá yín níbẹ̀, oúnjẹ àárọ̀ èèyàn méjì jẹ́ tiyín lójoojúmọ́. Owó tó tó 100 dọ́là tún wà tẹ́ ẹ lè ná nínú òtẹ́ẹ̀lì láàárín ìgbà tẹ́ ẹ bá fi wà níbẹ̀. Ẹ lè wọ yàrá láago méjìlá ọ̀sán tí yàrá bá ti ṣí sílẹ̀, wọ́n sì lè gbé yín lọ sí yàrá tó dáa ju èyí tẹ́ ẹ san lọ, bí irú ẹ̀ bá wà. Èyí tó wá tẹ́ mi lọ́rùn jù fún irú ìrìnàjò yín ni ti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ: aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lẹ tó kó ẹrù jáde, dandan sì ni, kì í ṣe pé bó bá wù wọ́n. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni wọ́n sábà máa ń ní kí àwọn èèyàn jáde ní Las Vegas. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wọkọ̀ òfurufú lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ fojú inú wo wákàtí márùn-ún tẹ́ ẹ̀ bá fi jókòó ti báàgì nísàlẹ̀, pẹ̀lú ariwo ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ àti èéfín sìgá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù rèé. Wọ́n á lọ gba yàrá lórí ìkànnì òtẹ́ẹ̀lì tàbí lórí ìkànnì àwọn tó ń ta yàrá ní ẹ̀dínwó, wọ́n á fi káàdì Platinum san án, wọ́n á wá débẹ̀ tán kí wọ́n tó máa béèrè oúnjẹ àárọ̀. Kò sí ohun tí ẹni tó wà ní káńtà lè ṣe fún wọn. Orí ìwé yàrá yẹn ni àǹfààní náà wà, kò sí lára káàdì.

Owó kan tún wà tó yẹ kó padà sọ́wọ́ yín. Láti ọdún 2025, tí owó ọdọọdún káàdì yẹn ti di 895, American Express ń dá owó tó tó 300 dọ́là padà fún yín lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún lórí irú yàrá yìí, ìkan láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹfà, èkejì láàárín oṣù keje sí ìparí ọdún. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ san owó yàrá náà tán nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbà á. Tẹ́ ẹ bá mú èyí tó ní kẹ́ ẹ wá san án nígbà tẹ́ ẹ bá dé, ẹ ti sọ 300 yẹn nù. Ètò kejì wà tó ń jẹ́ The Hotel Collection, 300 yìí kan òun náà tẹ́ ẹ bá sun òru méjì ó kéré tán, ó sì ní 100 dọ́là tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí oúnjẹ àárọ̀ níbẹ̀, kò sì sí aago mẹ́rin. Mi ò ní mú un fún yín.

Ó kù kẹ́ ẹ ṣírò rẹ̀, torí pé owó yàrá lórí ìkànnì American Express máa ń wọ́n ju ti òtẹ́ẹ̀lì lọ nígbà míì. Ká ní òtẹ́ẹ̀lì ń gba 300 dọ́là ní alẹ́ kan, tí American Express ń gba 335. Òru mẹ́ta, 900 àti 1,005. Ẹ fi 105 ná jù ú lọ. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 300 tó máa padà, 100 tẹ́ ẹ máa ná nínú òtẹ́ẹ̀lì, àti oúnjẹ àárọ̀ mẹ́ta fún èèyàn méjì nílùú tí ẹyin díndín àti kọfí kì í ti í ṣe owó kékeré. Ó jèrè gan-an. Ṣùgbọ́n tí àlàfo yẹn bá jẹ́ 200 lálẹ́ kan, ẹ fi í sílẹ̀, kẹ́ ẹ gba ti òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ má ka yàrá tó dáa jù yẹn mọ́ ìṣírò yín rárá, torí Jímọ́ àti Sátidé ni Las Vegas máa ń kún. Pé Ọjọ́bọ̀ lẹ máa dé ṣe yín lóore díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tètè dé ìdí káńtà, ẹ fi ọ̀yàyà béèrè, kẹ́ ẹ sọ pé ọjọ́ìbí lẹ bá wá.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n ń pè ní resort fee, ìyẹn owó tí òtẹ́ẹ̀lì ń gbà lọ́tọ̀ lé owó yàrá lórí. Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ní Strip ń gbà á lálaalẹ́, nǹkan bí 50 dọ́là, owó orí tún máa ń gun orí rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2025 ti mú un ní dandan kí wọ́n fi í kún iye tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbé síta, ìyẹn dáa púpọ̀. Àmọ́ òfin náà kò ní kí wọ́n má gbà á. Tẹ́ ẹ bá ti san owó yàrá láti ilé, resort fee ṣì lè máa dúró dè yín ní òtẹ́ẹ̀lì, 100 dọ́là ọ̀fẹ́ yín kò sì ní kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí 100 dọ́là yìí, torí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn. Wọn kì í kó o fún yín lọ́wọ́. Ẹ máa jẹun, ẹ ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí yàrá yín, ẹ ó fọwọ́ sí rìsíìtì, tó bá di ìgbà tẹ́ ẹ ń lọ, wọ́n á wá yọ 100 kúrò nínú àpapọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi káàdì san owó oúnjẹ yẹn lójú ẹsẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n máa yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn òtẹ́ẹ̀lì gàgàrà yìí ni pé ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ inú wọn, ẹlòmíràn ló ni ín. Wọ́n kàn háyà àyè ni, àwọn míì nínú wọn kò sì lè kọ owó sórí yàrá. Ní kété tẹ́ ẹ bá dé, ẹ bi ẹni tó ń gbà yín wọlé pé: "Èwo nínú àwọn ilé oúnjẹ yín ló ń kọ owó sórí yàrá, ṣé 100 yìí sì kàn án?" Ẹ ní kó bá yín sàmì sí wọn lórí ìwé. Kò lè ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ tún béèrè ibi tí oúnjẹ àárọ̀ wà, bóyá iye kan ni wọ́n dá sí i tàbí ohun tó bá wù yín lẹ lè jẹ, torí ohun tó bá lé, ẹ̀yin lẹ máa san án.

Ẹ má fọwọ́ kan fíríìjì kékeré inú yàrá. Ní ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì Las Vegas, ẹ̀rọ tó mọ ìwọ̀n nǹkan wà lábẹ́ ìgò àti ẹ̀pà inú rẹ̀. Kéèyàn gbé ìgò omi kúrò láti ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, kó má tètè dá a padà, ó ti di títà nìyẹn. Ẹ má sì rọra ti ìgò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ lè rí àyè fún oúnjẹ tiyín.

Káàdì yín tún fún yín ní ipò Gold, ìyẹn ipò oníbàárà pàtàkì, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì Hilton àti Marriott, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa fi orúkọ sílẹ̀ fún un lórí ìkànnì American Express, kì í wá fúnra rẹ̀. Ti Hilton wúlò ní Resorts World, tí orúkọ Hilton, Conrad àti Crockfords wà lórí ilé kan náà. Láti ọdún 2024 ni Marriott àti MGM ti ń bá ara wọn ṣe, torí náà tí ẹbí bá pinnu pé Bellagio tàbí ARIA, tí MGM ń bójú tó, làwọn fẹ́, ẹ so àkáǹtì méjèèjì pọ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra. Tó bá jẹ́ káàdì Chase Sapphire Reserve tàbí Capital One Venture X ni ìyàwó yín ní, àwọn náà ní ètò yàrá tó jọ èyí, tó ní 100 dọ́là àti oúnjẹ àárọ̀, ẹ sì lè fi iye wọn wé ara wọn kẹ́ ẹ tó yàn. Mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti lọ gba káàdì tuntun nítorí òru mẹ́ta.

Ẹ̀yin tẹ́ ò ta tẹ́tẹ́, ó ṣeé ṣe kí èéfín sìgá jẹ́ ìnira fún yín, torí wọ́n ṣì ń mu ún nínú ọ̀pọ̀ kàsínò níbẹ̀. Tí òtẹ́ẹ̀lì bá ṣì wà lọ́wọ́ yín láti yàn, kàsínò Park MGM kò gba sìgá láàyè rárá. Vdara kò tiẹ̀ ní kàsínò kankan, bẹ́ẹ̀ sì ni èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ lọ sí Bellagio àti ARIA.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọlé, wọ́n máa gba káàdì lọ́wọ́ yín láti so owó kan mọ́lẹ̀ fún ohun tẹ́ ẹ bá jẹ tàbí mu. Platinum ni kẹ́ ẹ fún wọn, ẹ má fún wọn ní káàdì àkáǹtì tẹ́ ẹ fi ń gba owó oṣù, torí owó gidi ni wọ́n máa so mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ délé kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ má kàn fi tẹlifíṣọ̀n inú yàrá tàbí fóònù sọ fún wọn pé ẹ ti ń lọ, bí wọ́n ṣe máa ń ní kéèyàn ṣe. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí káńtà ní nǹkan bí aago mẹ́ta, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n tẹ bíìlì yín jáde. Ẹ fi ìka tọ ọ́ láìní ìkánjú: ṣé wọ́n ti yọ 100, ṣé wọn ò ka oúnjẹ àárọ̀ sí yín lọ́rùn, ṣé kò sí nǹkan fíríìjì níbẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ ṣì dúró níwájú wọn ni wọ́n lè tún un ṣe kíákíá. Ti 300, ọ̀dọ̀ American Express ló ti ń bọ̀, inú àkáǹtì káàdì yín lẹ ti máa rí i. Ọjọ́ tẹ́ ẹ sanwó yàrá ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ọjọ́ tẹ́ ẹ sùn níbẹ̀, torí náà kódà tí ẹ̀gbọ́n bá sún ayẹyẹ rẹ̀ sí oṣù kìíní, tẹ́ ẹ bá ti san án kí oṣù kejìlá tó parí, ti ìdajì ọdún yìí ló ń jẹ́, tuntun ti oṣù kìíní ṣì wà níbẹ̀ fún yín.