Ohun ìṣeré Channapatna: ohun tí ojú mi rí kí n tó gba páálí mi ní London

Ìyá Tòmíwá, ẹ ní báwo lẹ ṣe máa mọ ojúlówó, torí ẹ fẹ́ kó àádọ́ta ohun ìṣeré onígi Channapatna, ìlú kan ní India, wá tà ní London. Mo ti kó o rí.

Ojúlówó kò ṣòroó mọ̀. Igi aale mara ni, ó funfun, ó sì fúyẹ́. Wọn kì í fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Bí igi bá ṣe ń yí lórí ẹ̀rọ ni wọ́n á ti lákì aláwọ̀, ìyẹn oje tí kòkòrò ń ṣe, mọ́ ọn lára, ooru á yọ́ ọ, á sì lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Tẹ́ ẹ bá ti rí ipa búrọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé e sílẹ̀.

Wàhálà gan-an wà níwájú. Ẹni tó tà á fún mi, lójú ọ̀nà Bengaluru sí Mysuru, fọwọ́ sọ̀yà pé ọjà náà ní GI, ìyẹn àmì tó ń fi ibi tí ojúlówó ọjà ti wá hàn, pé ìjọba India ti yọ ọjà GI kúrò nínú òfin 2020 tó ní kí gbogbo ohun ìṣeré gba òǹtẹ̀ BIS, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ọjà ní India. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnubodè India ni òótọ́ yẹn mọ! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àwọn aṣọ́bodè fi há páálí mi mọ́lẹ̀ ní London níbí. Òṣìṣẹ́ kan ní kí n mú rìsíìtì wá, mo mú un wá. Òmíràn ní kò kan òun, èsì àyẹ̀wò lòun fẹ́. Kí ló dé tí wọn ò kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà kan ṣoṣo? Owó ibi ìkẹ́rù sí ń gorí ara wọn lójoojúmọ́. EN 71-3 ni wọ́n ń wá, àyẹ̀wò òjé àti irú rẹ̀ nínú àwọ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ni ilé àyẹ̀wò gba owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọ̀ méje ni mo kó wá. Ẹ máa gbọ́ pé ata ilẹ̀ pupa ni yẹ́lò, pé ẹ̀lú ni búlúù. Ilé àyẹ̀wò kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sanitáísà tàbí omi gbígbóná nù ún o. Ọtí líle máa ń tú lákì, ooru sì ń mú un rọ̀. Aṣọ gbígbẹ ti tó.

Èyí tó ní ẹ̀yà kéékèèké tó lè yọ, ẹ má tà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Àmì UKCA tàbí CE, tó ń sọ pé ọjà bá òfin ààbò mu, pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì yín, gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀.

Ẹ má tíì sanwó. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹyọ kan nínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́, kẹ́ ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ná.