Níbo ni 10x ti wá nínú (x + 5)²?

Ẹni tó kọ x² + 25 fún (x + 5)², tí wọ́n sì fagi lé e: ẹ kọ́kọ́ fi nọ́ńbà lásán dán an wò. (3 + 4)² jẹ́ 7 lọ́nà 7, ìyẹn 49. Ṣùgbọ́n 3² + 4² jẹ́ 9 + 16, ìyẹn 25 péré. 24 tó sọnù yẹn, 3 lọ́nà 4 ni, lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó ń tan èèyàn ni pé (5x)² jẹ́ 25x² lóòótọ́. Ìsọdipúpọ̀ gbà bẹ́ẹ̀, àròpọ̀ ò gbà. (x + 5)² ni (x + 5)(x + 5): x máa kan x, á tún kan 5, 5 náà á kan x, á tún kan 5. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n kanra: x², 5x, 5x, 25. Ẹ ro 5x méjèèjì pọ̀, ó di x² + 10x + 25.

Tí àyọkúrò bá wà nínú àkámọ́, àṣìṣe á di méjì. (x − 7)² kì í ṣe x² − 49. (x − 7)(x + 7) ló ń bí ìyẹn. Èyí tó tọ̀nà ni x² − 14x + 49, torí −7 lọ́nà −7 jẹ́ +49. Nínú (2x + 3)², a máa sọ 2 tó wà lára x náà di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀: 4x² + 12x + 9. Ẹni tó kọ 6x ti gbàgbé ẹ̀ẹ̀kejì.

Láti yẹ iṣẹ́ yín wò, ẹ fi 1 rọ́pò x: (1 + 5)² jẹ́ 36, 1 + 10 + 25 náà jẹ́ 36, àmọ́ 1 + 25 jẹ́ 26. Ẹ má fi 0 dán an wò o! 25 ni méjèèjì máa mú wá, àṣìṣe yín á sì fara pamọ́.

Ibi tó ti ń dunni jù ni ìdọ́gba bíi √(x + 7) = x − 5. Láti mú √ kúrò, a máa sọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹni tó bá wá kọ x + 7 = x² + 25 máa bá x² − x + 18 = 0 pàdé; b² − 4ac rẹ̀ (òun ló ń sọ bóyá ax² + bx + c = 0 ní ìdáhùn; tó bá kéré sí 0, kò ní) jẹ́ −71, á sì sọ pé kò ní ìdáhùn. Ó ní. x + 7 = x² − 10x + 25 ni, ìyẹn x² − 11x + 18 = 0, tó fún wa ní 9 àti 2. Ẹ dá méjèèjì padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀: √16 jẹ́ 4, 9 − 5 náà jẹ́ 4. Ní ti 2, √9 jẹ́ 3, 2 − 5 sì jẹ́ −3, nítorí náà 9 nìkan lẹ máa kọ.