Orógbó àti àmàlà: kí ni Ṣàngó ń jẹ l'Ọ́yọ̀ọ́?

Ìbéèrè: Mo ń bọ̀ wá wo ọdún Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Àwọn tí mo fẹ́ dé sọ́dọ̀ wọn ní kí n ra orógbó dání, kí n má ra obì. Kí ni ìdí rẹ̀? Irú oúnjẹ wo sì ni mo máa bá níbẹ̀?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni wọ́n bá yín sọ. Orógbó ni ti Ṣàngó; ẹ fi obì sílẹ̀ fún àwọn òrìṣà tó ń gbà á. Ẹni tó bá gba orógbó lọ́wọ́ yín á wúre lé e lórí: "Orógbó rèé, ká gbó, ká tọ́." Á wá bó o, á fi ọ̀bẹ là á, torí orógbó kò ní awẹ́ téèyàn lè fọwọ́ yà bíi ti obì. Ó máa korò lẹ́nu yín. Ẹ ṣáà rún un.

Ní ti oúnjẹ, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Aláàfin ni Ṣàngó kó tó di òrìṣà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kí i ní "Kábíyèsí" títí dòní, tí Aláàfin tuntun sì fi ń dé Kòso, ojúbọ Ṣàngó, nígbà tó bá fẹ́ gbadé. Oúnjẹ tí ọba Ọ̀yọ́ ń jẹ ni wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀: àmàlà dúdú tí wọ́n fi èlùbọ́ iṣu rò, àti gbẹ̀gìrì. Bí ẹ bá ráyè, ẹ dúró ti ẹni tó ń se gbẹ̀gìrì náà. Wọ́n á rẹ ẹ̀wà, wọ́n á bó o títí tí á fi funfun, wọ́n á sè é kó fọ́, wọ́n á fi ìjábẹ̀ lù ú kó kúnná, kí epo, ata àti irú tó wọ inú rẹ̀. Àmàlà tí Ṣàngó ń jẹ kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n máa bù fún yín. Lójú tèmi, ẹni tó ya fọ́tò ẹlẹ́gùn níbi tó ti ń jó bàtá, tí kò bá onílé jẹun, kò tíì rí ọdún náà tán.

Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil pàápàá gbé oúnjẹ yìí dání. Ní Bahia, Ọjọ́rú ni wọ́n ń gbé "amalá" fún Ṣàngó, àmọ́ ilá ni wọ́n ń sè, pẹ̀lú epo pupa àti edé. Iṣu ti kúrò níbẹ̀; orúkọ dúró.

Oṣù kẹjọ ni ọdún náà máa ń bọ́ sí. Lọ́dún 2023 ni àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà tó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Orógbó yín, ẹ rà á lọ́jà Akẹ̀sán, nítòsí ààfin. Èyí tó bá ti fúyẹ́ lọ́wọ́, ẹ má mú un.